Ta Ló Ni Oúnjẹ Inú Ìkòkò? Ìtàn Oko Iléèwé Nílẹ̀ Wa

A mọ̀ pé ìwàásù lẹ ń retí lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yà bàrá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtàn la fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò bá tó, kó yáa lọ rà sí i.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, màmá kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjọ wa ní Ẹ̀sà-Òkè mọ̀ pé a ní iléèwé kékeré kan, àti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí la ti ya ilẹ̀ ẹ̀yìn kíláàsì sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ máa gbin ẹ̀fọ́, ilá, ata àti kókò síbẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ohun tí wọ́n bá ká se oúnjẹ ọ̀sán fúnra wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá yìí kúnlẹ̀ kí wa tán, ó dìde, ó ní: "Dádì, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé torí kí ọmọ mi lè di ọkọ́ mú ni mo ṣe ń san owó iléèwé? Bàbá rẹ̀ tó ń di ọkọ́ mú láti kékeré, kí ló rí mú bọ̀ níbẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, a wò sùn-ùn. Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fẹ́ fi gbé e, ṣùgbọ́n ojú màmá náà kò rẹ́rìn-ín rárá. A ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ rò ó." Láti ọjọ́ náà la ti ń ṣí ìwé ìtàn, tí a sì ń bi àwọn àgbà léèrè. Ohun tí a rí ni pé ìbéèrè màmá yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òbí ilẹ̀ wa ti ń béèrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé àwọn òbí ló jàre.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sínú Bíbélì, nítorí pásítọ̀ ni wá, a ò lè ṣe é kó má hàn. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, ìyàn mú ní Gílgálì. Èlíṣà ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn jáde lọ sí pápá láti já ewébẹ̀, ó rí ìtàkùn igbó kan, ó ká èso rẹ̀ kún inú aṣọ, ó dé, ó rẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Kò mọ ohun tó jẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ wò ni wọ́n figbe ta pé ikú ló wà níbẹ̀. Èlíṣà da ìyẹ̀fun sí i, ọbẹ̀ náà sì di jíjẹ. Gbogbo wa la ti wàásù iṣẹ́ ìyanu yẹn. Ohun tí a kì í sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, lábẹ́ olùkọ́ wọn, wọ́n ń wá oúnjẹ, wọ́n sì ń sè é fúnra wọn. Ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n ni pé ọmọ iléèwé kan kò mọ ewé. Ẹ bi àwọn ọmọ yín lónìí kí ni ìyàtọ̀ láàárín tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọyòkòtò, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé ilẹ̀ wa, kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n gbé wá. Thomas Fowell Buxton, ọ̀kan nínú àwọn tó gbógun ti òwò ẹrú ní Ìlú Ọba, ti sọ ọ́ ní nǹkan bí 1840 pé Bíbélì àti ohun ìtúlẹ̀ ni kí wọ́n jọ máa lọ sí Áfíríkà. Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàárín 1850 sí 1860, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún òwú ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe bíríkì àti iṣẹ́ káfíńtà. Àwọn Kátólíìkì náà kò jókòó lásán. Ní 1876 wọ́n gba ilẹ̀ ní Tòpó, lẹ́bàá Àgbádárìgì, láàárín ọ̀sà àti òkun, wọ́n kó àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn tí wọ́n rà padà lóko ẹrú síbẹ̀. Ìwé díẹ̀, oko púpọ̀. Àgbọn tí wọ́n gbìn ní Tòpó ló sọ ibẹ̀ di olókìkí.

Ní tiwa níhìn-ín, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ohun ọ̀gbìn tó yí ayé àwọn baba wa padà kò ti iléèwé wá. Kòkó ni. Àwọn àgbà Iléṣà máa ń so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ Frederick Haastrup, ọmọ ọba tí wọ́n tà lẹ́rú, tí ó gba òmìnira, tó di Kristẹni àti oníṣòwò ní Èkó, tó sì padà wá jọba Ọwá ní 1896. Ẹ wo ìrìn àjò ọkùnrin yẹn ná! Lẹ́yìn ìgbà náà, ìjọ ni ọ̀nà tí kòkó gbà tàn kálẹ̀ níbi púpọ̀. J. K. Coker ti African Church àti àwọn àgbẹ̀ Agége ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tan ìhìn rere kálẹ̀, wọ́n sì ń tan iṣẹ́ kòkó kálẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lóko wọn kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ oko kò ti ìjọ lójú nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Owó kòkó tí bàbá rí lóko ló fi rán ọmọ lọ síléèwé, bí ọmọ bá sì kàwé tán, akọ̀wé ló fẹ́ ṣe, tàbí tíṣà, tàbí ọ̀gá ní rélùwéè. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rí i pé ẹni tó jókòó nídìí tábìlì ń gba owó oṣù bí òjò rọ̀ bí òjò kò rọ̀. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ní 1920, ìgbìmọ̀ kan gbéra láti Amẹ́ríkà wá wo ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Àjọ Phelps-Stokes ló rán wọn, Thomas Jesse Jones ni olórí wọn. Ọmọ Gold Coast kan wà láàárín wọn, James Kwegyir Aggrey, ọmọ ìlú Anomabu, ọ̀mọ̀wé ńlá, oníwàásù tó dùn-ún gbọ́. Wọ́n dé Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n tẹ ìròyìn wọn jáde ní 1922, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ Áfíríkà kò bá ayé tí ọmọ náà ń gbé mu, pé kí iléèwé kọ́ ọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ìmọ́tótó àti ìtọ́jú ilé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1925. Láti ìgbà náà ni oko iléèwé ti di ohun tí àwọn alábẹ̀wò ń bá tíṣà béèrè.

Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí. Àwa fúnra wa, tí a bá kà á lónìí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín sí i. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi kọ̀ ọ́? Ìdí ni pé wọ́n wo ẹni tó ń sọ ọ́. Àwọn tó ní kí ọmọ dúdú kọ́ oko ń rán ọmọ tiwọn lọ kọ́ Látìn àti òfin. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tán, owó rẹ̀ kò tó ti akọ̀wé. Ní Amẹ́ríkà, W. E. B. Du Bois ti ń bá Jones yìí jà tipẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà, pé ẹ̀kọ́ tí ó ń là sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n gòkè. Nítorí náà, bí bàbá kan ní Ìjẹ̀ṣà bá sọ pé òun kò rán ọmọ níṣẹ́ oko síléèwé, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń bá a jà. Ojú rẹ̀ ló ríran.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yìí mú wa rántí Tuskegee. Booker T. Washington, tí a bí sóko ẹrú, ló bẹ̀rẹ̀ iléèwé náà ní ìpínlẹ̀ Alabama ní 1881. Kò sí owó, kò sí oúnjẹ. Ó ra oko àtijọ́ kan, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣán an lẹ́yìn ìwé kíkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn ti ń ṣe tíṣà tẹ́lẹ̀, wọ́n wò ó pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń rẹ àwọn sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò bá wọn jiyàn. Ó gbé àáké rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ṣáájú wọ igbó lọ. Nígbà tí wọ́n rí ọ̀gá tó ń gé igi, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi ṣán nǹkan bí 20 éékà. Wọ́n gbìn, wọ́n kórè, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ mú àáké yẹn dání o, a máa padà sórí rẹ̀.

Tuskegee kan náà ni a tún máa rí apá kejì ọ̀rọ̀ lára rẹ̀. Ní òpin 1900, àwọn èèyàn láti ibẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tógò tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso, láti lọ kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀nà òwú gbígbìn. James Calloway ni olórí wọn. John Robinson tó wà lára wọn dá iléèwé òwú sílẹ̀ ní Notsé ní 1904, àwọn aláṣẹ àgbègbè ló sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ wá síbẹ̀. Òwú yẹn, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Jámánì ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó lè se òwú jẹ. Ẹ rí ìyàtọ̀ láàárín oko kìíní àti oko kejì? Ọ̀kan, ìkòkò àwọn ọmọ tó gbin ín ni èso rẹ̀ bọ́ sí. Èkejì, ọkọ̀ òkun ló gbé e lọ. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Ká padà sílé. Ní oṣù Kìíní 1955, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Action Group bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ó ju 800,000 ọmọ lọ tó jókòó sí kíláàsì lọ́dún yẹn. Ayọ̀ ńlá! Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìjọba rí i pé àwọn ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà kò fẹ́ padà sóko, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì tó wọn. Akin Deko, mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ísírẹ́lì, láti ibẹ̀ ni ètò fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1959 sí 1960. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde iléèwé máa gbé papọ̀, kí ìjọba fún wọn ní ilẹ̀, ilé àti ohun ọ̀gbìn. Ẹ̀yin ará Ẹ̀sà-Òkè kò nílò àlàyé lórí èyí, nítorí sẹ́tùmẹ́ǹtì wà ní ìlú wa. Ètò náà dára lórí ìwé, àmọ́ owó tó gbé mì pọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì sá kúrò lágbègbè púpọ̀. Èrò tiwa ni pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́fà gbọ́ lẹ́nu tíṣà pé bí o kò bá mọ̀wé, oko lo máa lọ, lẹ wá ń bẹ̀ pé kó lọ sóko.

Lásìkò yẹn náà, ẹnì kan ti ń ṣe nǹkan mìíràn ní Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le fún àwa oníwàásù.

Táí Ṣólárìn kò gba Ọlọ́run gbọ́. Kò fi bò, kò sì tijú rẹ̀. Ọmọ míṣọ́n ni nílé ìwé o, Wesley College ní Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ tíṣà kó tó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler, kó tó lọ sí yunifásítì Manchester. Ní 1952 ó di pírínsípà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú iléèwé kò jẹ́ kí àárín òun àti àwọn alákòóso gún. Ó kúrò níbẹ̀. Ní January 27, 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sheila, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí Mayflower School sí Ìkẹ́nnẹ́. Kò sí àdúrà òwúrọ̀, kò sí ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó sì ya ni lẹ́nu pé orúkọ tó sọ iléèwé náà jẹ́ ti ọkọ̀ òkun tó kó àwọn Kristẹni tó ń sá fún inúnibíni lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Àwọn Kristẹni yẹn náà, ebi ì bá ti pa gbogbo wọn tán tí kì í bá ṣe pé ọmọ onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tisquantum kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo.

Ní Mayflower, àwọn ọmọ ló ń roko tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu, wọ́n sin ohun ọ̀sìn, wọ́n ń yan búrẹ́dì fúnra wọn, wọ́n sì bá wọn kọ́ lára ilé tí wọ́n ń gbé. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wọn lọ sóko. Pírínsípà ń kọ́? Ṣòkòtò péńpé kákí àti fìlà ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ọ́n mọ́ títí ó fi kú ní 1994. Òun náà ń dé oko. Àáké Booker Washington nìyẹn, a ní ká padà sórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ fojú tẹ́ńbẹ́lú ọkọ́, ọkọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òun náà. Àwọn òbí sì ń jà du àyè fún ọmọ wọn níbẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń roko wọ̀nyí ń yege ìdánwò. Wọn kò fi oko rọ́pò ìwé, wọ́n gbé e tì í ni.

Ẹ̀yin ará, èyí dùn wá. Ọkùnrin tó ní kò sí Ọlọ́run ló wá fi hàn wá bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń rí, nígbà tí àwa tí a mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù pa àgọ́ fi jẹun ń kọ́ iléèwé tí ọmọ kì í ti í gbá ilẹ̀ abẹ́ àga rẹ̀. A kò gba ohun tó sọ nípa Ọlọ́run, a ò sì ní gbà á láéláé. Ṣùgbọ́n a kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Àwa náà jẹ́ ọmọ iléèwé nígbà kan. Púráímárì la wà nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ Operation Feed the Nation ní 1976. Wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sóko nígbà ọlidé, iléèwé kéékèèké náà ń kọ ebè sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹni tó bá tó ẹgbẹ́ wa á rántí bí a ṣe ń gbé ọkọ́ àti àdá lọ síléèwé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó dùn mọ́ wa nínú nígbà yẹn, ká sòótọ́. Nígbà tí a dé iléèwé girama ni adùn náà tán. Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó lọ ṣán koóko. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, kó lọ ṣán koóko. Ẹni tí kò bá san owó, àdá. Bí wọ́n ṣe sọ oko di ẹgba nìyẹn. Ta ni ọmọ tó máa fẹ́ràn ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níyà?

Ọjọ́ kan wà tí a kò gbàgbé. Tíṣà kan kó gbogbo kíláàsì wa lọ ṣa àgbàdo, ó ní ẹ̀kọ́ Ágíríìkì ni. Oko tirẹ̀ ni. Láti aago mẹ́wàá títí di ọ̀sán la fi ṣa á, tí a rù ú dé ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Bí a ṣe ń ru ẹrù ìkẹyìn, a ń gbọ́ òórùn àgbàdo tí ẹnì kan ń yan lábẹ́ igi. Wọn kò fún wa ní ẹyọ kan. A rìn padà sílé pẹ̀lú ebi. Ó ti ju ogójì ọdún lọ, òórùn náà ṣì wà nímú wa. Nígbà tí màmá yẹn bi wá léèrè lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òórùn yẹn la kọ́kọ́ gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti ru àgbàdo tíṣà rí. A kò bi í.

Ẹnì kan lè sọ pé ìjọba ti ń bọ́ ọmọ níléèwé báyìí, kí la tún ń wá lóko? Òótọ́ ni. Ọ̀ṣun yìí kò kẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dán ètò oúnjẹ iléèwé wò láti 2005, Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan tí kò jẹ́ kó kú. Ní 2012, Ògbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún un gbé dìde lórúkọ O'MEALS, ó ju 3,000 obìnrin lọ tó ń se oúnjẹ fún nǹkan bí 250,000 ọmọ. Kódà kókò, tí àwọn kan ń fojú oúnjẹ tálákà wò, wọ inú ètò náà, àwọn àgbẹ̀ sì rí ọjà tà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ti gbogbo orílẹ̀-èdè kalẹ̀ ní 2016, ọ́fíìsì Igbákejì Ààrẹ ló wà, lábẹ́ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, pásítọ̀ bíi tiwa, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. (Ìkẹ́nnẹ́ yìí náà ni o! Awólọ́wọ̀, Mayflower, Ọ̀ṣínbàjò. Kí ni wọ́n ń fi sínú omi ibẹ̀?) Ètò náà ṣe rere, a kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ ibẹ̀, àwo ló ń na síta. Bí owó bá dúró, àwo á ṣófo.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ohun tí a ń wá wà lókè ọ̀hún, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní Porto-Novo. Ní 1985, àlùfáà Kátólíìkì kan, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ti kọ́ni ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà kó tó wá síbẹ̀. Hẹ́kítà ilẹ̀ kan péré ni wọ́n fún un, ilẹ̀ tó ti ṣá. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ Songhai. Àwọn ọ̀dọ́ ń lo oṣù méjìdínlógún níbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ń di ajílẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù lára ẹja ń bọ́ ohun mìíràn, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, oúnjẹ oko náà sì ń dé orí tábìlì ilé oúnjẹ tiwọn. Kò sí ohun tí wọ́n ń jù nù. Ẹni tó bá ní àyè láàárín yín, ẹ lọ wò ó. Kò jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà tún ti padà sídìí rẹ̀. Láti 1995 ni àwọn ọmọ iléèwé kan ní Berkeley ní California ti ń gbin ẹ̀fọ́, tí wọ́n sì ń sè é níléèwé, obìnrin olóúnjẹ kan, Alice Waters, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ éékà kan. Ọ̀rọ̀ kan tún pa wá lẹ́rìn-ín bí a ṣe ń kàwé. Kindergarten tí àwa ń pè ní jẹ́lé-ó-sinmi, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Jámánì ni ọgbà àwọn ọmọdé. Friedrich Fröbel ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1840, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì ní oko kéékèèké tí wọ́n ń tọ́jú ní ti gidi. Àwa gba ilé, a fi ọgbà sílẹ̀. A jẹ́ kí ilé sinmi.

Ó dáa. Kí la wá fẹ́ sọ fún màmá wa? A pe àwọn tíṣà jọ lálẹ́ Ọjọ́rú, a sì fẹnu kò lórí àwọn nǹkan kan, a ń sọ ọ́ síta kí ẹ lè fi mú wa. A kò ní fi oko jẹ ọmọ kankan níyà mọ́, ìbáà pẹ́ dé, ìbáà ya aláìgbọràn. Ewé ẹ̀fọ́ kan kò ní ti inú ọgbà náà wọ ilé pásítọ̀ tàbí ilé tíṣà, àfi èyí tí a bá fowó rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, owó náà á sì wọ ìwé tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń kọ. Ìyẹn ti di Ìṣirò nìyẹn. Ọkùnrin á dáná, obìnrin á kọ ebè, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Tíṣà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì á di ọkọ́ mú. Àwa náà pẹ̀lú. Ìyàwó wa ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yìn pásítọ̀ kò ní gbà á, ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún wa.

Màmá náà wá lánàá. A kò ránṣẹ́ pè é. Ó dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ń wo àwọn ọmọ, kò sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan ń kọ ebè kókò, ebè náà rí pẹrẹsẹ bí àwo. Màmá sún mọ́ ọn, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ebè dìde. Ó dá ọkọ́ padà fún un. Ó wá kọjú sí wa, ó ní: "Dádì, kànga yín yìí máa gbẹ tó bá di December. Kí lẹ máa fi bomi rin ẹ̀fọ́?" A ní a kò tíì ronú débẹ̀. Ó ní ilẹ̀ akurọ̀ kan wà nísàlẹ̀ odò tí ìdílé ọkọ òun kò lò, òun máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó tún bi wá bóyá a ti yọ nínú àkókò Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nítorí oko yìí. A mú tàm̀tébù jáde, a fi hàn án: wákàtí méjì lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ìwé bá parí. Ó wò ó dáadáa, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi sínú àpò rẹ̀. Ó ní òun á fi wé káàdì ọmọ òun ní òpin sáà.